Ọjọ́ Tí Mo Ṣọ́ Òkòtó

“Ìbàdí ẹ̀ ni kó o máa wò! Fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀!”

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ni wọ́n ń pariwo létí pápá. Èmi ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n etí ikún ni mo kọ sí wọn.

Àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Iṣẹ́ mi kò ju kí n ṣọ́ Òkòtó lọ, ọmọbìnrin kúkúrú kan nínú ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n sọ lórúkọ yẹn nítorí bó ṣe ń yí láàárín èrò. Ẹni tó bá máa ṣọ́ ọ kì í sùn dáadáa lóru ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìyá mi, aránṣọ, ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa láti wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. “Mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú ọ pẹ́ níta,” ni wọ́n wí láàárọ̀. “Tó bá jẹ́ ìranù ni, òní lo gbá a mọ.”

Ẹ gbà mí! Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó kàn dúró síwájú ẹlòmíì? Mo fẹ́ kí ìyá mi rí mi níbi tí mo ti ń já bọ́ọ̀lù gbà.

Mo sì já a gbà lẹ́ẹ̀kan! Èrò hó yèè, orí mi wú. Àṣé Òkòtó ti rí ìwọra mi. Ó gbé bọ́ọ̀lù síwájú mi bí ẹni ń fi súwíìtì han ọmọdé. Mo nawọ́, ó yí, ọwọ́ mi bà á léjìká. Fèrè dún. Fáòlù! Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún kó sí i. Kí n tó mọ̀, fáòlù mi ti di mẹ́rin, ìkarùn-ún ni wọ́n sì fi ń lé ènìyàn jáde. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yọ mí, wọ́n ní kí n jókòó.

“Ṣé ìyá ẹ lò ń wò ni, àbí Òkòtó?”

Ojú tì mí, torí òótọ́ ni.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí a fi àmì kan péré ṣíwájú, wọ́n dá mi padà. Mo na ọwọ́ sókè, mo tẹjú mọ́ ìbàdí Òkòtó. Ojú rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù lọ sọ́tùn-ún, ìbàdí kò lọ. Èmi náà kò lọ. Nígbà tó yí sósì, èmi ló bá níwájú.

“Òun rèé, gbà á!” ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Má yọ ara ẹ lẹ́nu, máa gbé e dání.”

Bí a ṣe ń bá a yí nìyẹn, ẹgbẹ́ méjèèjì kò rí àmì kankan mọ́. Ní ìparí, ó gbé bọ́ọ̀lù sí ibi tí ọwọ́ mi lè tó. Ọwọ́ ń yún mi! Mo kó ọwọ́ mi mọ́ra, mi ò nà án sí bọ́ọ̀lù. Ó jù ú gba orí mi, bọ́ọ̀lù gbá etí apẹ̀rẹ̀, ó já bọ́ síta. Fèrè dún. A borí! Mo kígbe títí ohùn mi fi há.

Ìyá mi la èrò kọjá wá bá mi. “Mi ò mọ nǹkan kan nínú bọ́ọ̀lù o, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò rímú mí lọ́wọ́ ẹ nígbẹ̀yìn. Kí ló dé tó ò tètè ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Màámi, mo fẹ́ kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi ni.”

“Torí pé ò ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Mo ti ń wá ibi tí màá forí pamọ́ sí!” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ìborí wọn nu òógùn ojú mi. “Aago mélòó ni ìdánrawò yín lọ́la?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là á jẹ́. Ẹni tó ń wá àtẹ́wọ́ kiri lè pàdánù ohun tí wọn ì bá tìtorí ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.