Irin Tó Yọ Lórí Òpó

"Yàrá wo lẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀la?"

Bámgbóyè ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì nínú gáréèjì ilé wọn ní Stockbridge, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ó ń yọjú wo inú ilé ìwòsàn kékeré tí Ṣèyífúnmi ọmọ rẹ̀ àti Praise ọ̀rẹ́ ọmọ náà ń fi páálí kọ́. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Eruku ògiri ṣì funfun lórí ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ṣèyífúnmi rẹ́rìn-ín. "Daddy, kò sí yàrá ọ̀la o. Gbogbo yàrá ló ní iṣẹ́. Ibi ìgbẹ̀bí nìyí, yàrá iṣẹ́ abẹ nìyí, ibí ni àwọn aláìsàn máa sùn sí."

"Mo ti rí ìyẹn. Èwo ló ṣófo?"

"Uncle," ni Praise wí, "tí a bá fi yàrá kan sílẹ̀ lófìfo, àwọn judges máa ní a ò parí iṣẹ́ wa ni."

Ìdíje ńlá ló wà níwájú wọn. Ní ọjọ́ Sátidé, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ máa pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ní Jonesboro, oníkálukú pẹ̀lú ilé ìwòsàn tó fi páálí kọ́. Àwọn méjì tí tiwọn bá dára jù lọ ni wọ́n máa gbà sí ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé ìwòsàn ní Atlanta fún gbogbo àkókò ìsinmi gígùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ṣèyífúnmi. Kò sí ohun tó tún wù ú láyé tó àyè náà. Bó bá jẹun, ilé ni ó ń yà sórí bébà ìnujú. Bí wọ́n bá ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ka fèrèsé.

Bíríkìlà ni Bámgbóyè ní Ìkirè kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Ìwé mẹ́rin ló kà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, baba rẹ̀ kú, ẹ̀kọ́ sì tán síbẹ̀. Nísinsìnyí, ilé ìwòsàn ńlá kan nígboro ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wó ògiri, tí wọ́n ń pààrọ̀ páìpù, tí wọ́n ń tún àjà ṣe. Àwọn dókítà mọ inú ènìyàn. Bámgbóyè mọ inú ilé náà.

Ó fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ gbọ́ o. Nígbà àrùn Kòrónà, níbi iṣẹ́ wa, wọ́n fẹ́ sọ ibi tí àlejò ń jókòó dè di ibi tí aláìsàn máa sùn. Ibùsùn wà. Nọ́ọ̀sì wà. Ṣùgbọ́n kò sí páìpù ọ́síjìn nínú ògiri. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi gé ògiri. Ọjọ́ mọ́kànlá, Ṣèyí! Ṣùgbọ́n ilé tuntun tó wà lápá ìlà-oòrùn, ẹni tó yà á ti ní kí wọ́n fi páìpù sínú ògiri ibi ìjókòó, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó nílò rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré la fi ṣí gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ẹni yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń kí i. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kó tó kọ́lé, ọ̀gá ni."

Ó wá ní kí wọ́n fi yàrá kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi píìnì mú àwọn ògiri inú, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pa, kí wọ́n sì jẹ́ kí irin yọ sókè lórí àwọn òpó.

"Irin kẹ̀, Daddy? Kò ní rẹwà."

Ojú Bámgbóyè le. "Bí ọkùnrin kan ṣe sọ fún mi ní Ìkirè nìyẹn. Mo kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan fún un, mo fi irin sílẹ̀ lórí òpó nítorí ọjọ́ tó bá fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Ó ní ó bu ẹwà ilé òun kù, ó gé e. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wù ú. Ló bá ń pariwo káàkiri ìlú pé bíríkìlà tí kò kàwé ló ba ilé òun jẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí i mọ́."

"Ọdún mélòó nìyẹn?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún."

"Ẹ ò wá tíì dárí jì í?"

"Ṣé ó ti so irin náà padà ni?"

Bó ti wọlé lọ wẹ̀ báyìí, Praise bú sẹ́rìn-ín. "Daddy ẹ funny gan-an o! Ṣé yàrá òfìfo la máa gbé lọ sí Jonesboro? Ìwọ náà lo sọ pé primary four ni wọ́n ti kúrò níléèwé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ṣèyífúnmi lọ́kàn. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni baba òun sọ, ṣùgbọ́n ìtìjú bo òótọ́ náà mọ́lẹ̀. Praise na fóònù rẹ̀ sí i. Àwòrán omi ni, tó ń ya bọ̀ láti òkè nínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn kan, iná aláwọ̀ búlúù ń tàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Wò ó," ni Praise wí, "èyí ló ń gba ipò kìíní."

Ṣèyífúnmi wo àwòrán náà títí. "Ó dáa," ló fi dáhùn. "Mú gọ́ọ̀mù wá."

Nígbà tó di Fúráìdé, baba rẹ̀ bi í pé, "Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Káre, ọmọ mi. Mo ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Mò ń bọ̀ wá wò yín."

Ní ọjọ́ Sátidé, tiwọn ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ yí ká. Omi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sínú rẹ̀ ń dán, àwọn òbí ń ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yasmin, láti Hampton, àti ẹnìkejì rẹ̀ gbé tiwọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: àpótí funfun lásán, yàrá méjì nínú rẹ̀ ṣófo gbáà. Praise fi ìgúnpá gún Ṣèyífúnmi. "Àwọn eléyìí ò tilẹ̀ parí!"

Obìnrin olórí ewú kan, Ìyáàfin Edith, ló ṣáájú àwọn onídàájọ́. Ogójì ọdún ló ti fi ń ya àwòrán ilé ìwòsàn. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan, ó wò. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ó yá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá. Ìlú yín ti di ìlọ́po méjì. Ẹ wá àyè fún ogún ibùsùn sí i, àti yàrá iṣẹ́ abẹ kejì. Ẹ ò gbọdọ̀ wó ògiri ìta. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan yàrá iṣẹ́ abẹ tó wà níbẹ̀, nítorí aláìsàn wà lórí tábìlì. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fún yín."

Ṣèyífúnmi sáré fọwọ́ kan ògiri. Gọ́ọ̀mù ti le bí eegun. Wọ́n fa ògiri kan, kò gbọ́. Praise mú ọ̀bẹ, ó ń rẹ́ ìdí omi aláràbarà náà. Ọ̀bẹ yọ̀, ó ya ògiri yàrá iṣẹ́ abẹ lulẹ̀, àjà sì wó lé aláìsàn tí wọ́n ní ó wà lórí tábìlì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Yasmin ń yọ píìnì, ó ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tí àkókò pé, Ìyáàfin Edith dúró níwájú àwókù náà. "Iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnikẹ́ni ò ronú nípa ọ̀la ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wa, mà," ni Praise yára wí.

Ṣèyífúnmi gbójú sókè. Baba rẹ̀ wà ní ìlà kẹta, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti rí i pé kò sí yàrá kankan tó ṣófo. Kò wo ọmọ rẹ̀. Àjà gbọ̀ngàn ló ń wò bí ẹni tó ń ka pákó. Ṣèyífúnmi mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, baba òun náà á dákẹ́, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Dídákẹ́ náà rọrùn. Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn.

"Wọ́n sọ fún wa, mà," ló wí. "Bàbá mi ni. Àwọn nìyẹn. Gbogbo ohun tí ẹ béèrè lónìí ni wọ́n ti sọ fún wa. Ojú ló tì mí, nítorí wọn ò kàwé púpọ̀. Mo sì tún parọ́ fún wọn."

Ìyáàfin Edith rìn lọ bá Bámgbóyè, ó ní kó sọ fún òun. Bámgbóyè fi ọwọ́ àti gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sọ ọ́: àrùn náà, ògiri tí wọ́n fi ọjọ́ mọ́kànlá gé, páìpù tí ẹnì kan ti fi pa mọ́ sínú ògiri.

"Ilé ìwòsàn wo?" ni obìnrin náà béèrè.

Bámgbóyè dárúkọ rẹ̀. "Ilé ti apá ìlà-oòrùn, mà."

Ìyáàfin Edith fa àga kan, ó jókòó tì í. "Èmi ni mo yà á," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Wọ́n ní àpọ̀jù iṣẹ́ ni. Kò sí ẹni tó padà wá sọ fún mi pé ó wúlò."

Bámgbóyè dìde. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gba ọwọ́ obìnrin náà, ó tẹrí ba. Ẹnu rẹ̀ gbàgbé gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ṣèyífúnmi fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti gbọ́ ọ yé.

Yasmin àti ẹnìkejì rẹ̀ ló gba àyè náà. Ṣèyífúnmi sunkún dé ilé. Praise ò pè é lórí fóònù mọ́, baba rẹ̀ náà ò sì bá a sọ̀rọ̀. Bó bá kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ̀n" ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, Títílọpẹ́ ìyá rẹ̀ ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Daddy Ṣèyí, ṣé ọdún mọ́kàndínlógún náà lẹ máa fi bá ọmọ yìí yodì ni?"

"Mi ò tíì kà á," ni Bámgbóyè dáhùn.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣèyífúnmi wá páálí tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí ìdíje, láìsí onídàájọ́. Ó fi píìnì mú ògiri. Ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe páìpù sínú wọn. Nígbà tí baba rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá, ó bá a lórí tábìlì nínú gáréèjì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Yàrá wo lo fi sílẹ̀ fún ọ̀la?"

"Èyí, sà. Àti èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Bámgbóyè ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú wáyà jáde, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń gbìn ín lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àwọn òpó títí gbogbo wọn fi yọ sókè bí irun orí ọmọ tuntun.

"Ẹni tó bá gé e," ló wí, "mi ò ní kí i mọ́."

"Èmi náà ò ní kí i, sà," ni Ṣèyífúnmi dáhùn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbà kì í lọ bí òréré. Ẹni tó bá kọ́lé fún ojú àwọn ènìyàn òní nìkan, ọ̀la máa wó o mọ́ ọn lórí. Ẹ má sì torí pé àgbà kò kàwé kí ẹ da ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Ìwé mẹ́rin ni Bámgbóyè kà, ṣùgbọ́n òun ló mọ ohun tó wà nínú ògiri.