Ibi Tó Wà Lábẹ́ Máńgòrò

Ọjọ́ kẹta tí Fàsílátù kó erùpẹ̀ wọlé ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Hàkímù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Omi oníláílọ́ọ̀nù mẹ́jọ ló mu kó tó jáde lọ sí ìsọ̀ ẹ̀yà mọ́tò rẹ̀ ní Abossey Okai, ní Accra, ó sì ní ọ̀fun òun ṣì gbẹ.

Fàsílátù kò dá a lóhùn tó bó ṣe yẹ. Inú rẹ̀ dùn jù. Ta ló fẹ́ ráyè òùngbẹ ẹlòmíràn nígbà tí ìyanu ń hù nínú ilé tirẹ̀?

Nínú ilé tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń gbé ní Sabon Zongo, yàrá kan ti ṣófo láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Fàsílátù so iná elésè-àlùkò tó ń ṣe bí oòrùn fún ewéko mọ́ àjà, ó gbé àpò aṣọ ńlá méjì sílẹ̀, ó ní inú yàrá yẹn gan-an lòun ó ti máa gbin ata àti ewé náánà tí àwọn ará Zongo ń fi sínú tíì, láìfi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà kankan sí i. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ. Wọ́n ní erùpẹ̀ tí èèyàn bá fẹ́ lò báyẹn gbọ́dọ̀ wà láàyè: kí ekòló máa rìn nínú rẹ̀, kí ewé gbígbẹ bò ó lórí, kó máa mí.

Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí erùpẹ̀ alààyè ní Accra tí sìmẹ́ńtì ti bò mọ́lẹ̀? Ọkàn rẹ̀ lọ sí Kotobabi, sí ilé àtijọ́ tí wọ́n bí òun àti Hàkímù sí. Wọ́n ti ta ilé náà, ẹni tó rà á sì fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, Fàsílátù gbẹ́ ẹ̀kún àpò kan lápá géètì, ó gbẹ́ ìkejì lápá kànga. Erùpẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀. Ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òjò ló rọ̀ mọ́jú.

Ó gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà wọn tó ti padà sí Ìnísà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn nínú èsì tí màmá àgbà fi ránṣẹ́: "Fàsílátù, ibi wà lábẹ́ máńgòrò yẹn o! Dá erùpẹ̀ padà kíákíá!"

Fàsílátù rẹ́rìn-ín. Accra ni wọ́n ti tọ́ ọ, Twi àti Haúsá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ń jẹ́ ibi. Aburú ni. Ṣebí ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo ni Alfa ń bẹ Ọlọ́run pé kó yọ àwọn nínú rẹ̀.

"Aúsù bíláhì, Màmá," ló fi fèsì. "Mo ti ka Áyátúl Kúrísí sí i. Ẹ má fòyà."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí náánà fi ya bo ẹnu àpò méjèèjì. Ata ti tanná. Láràárọ̀, kó tó gbé búta àlùwàlá tó fi ń bomi rin wọn, Fàsílátù á ti ìka bọ inú erùpẹ̀ wò. Bó bá tutù nísàlẹ̀, á fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ, á wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Àpò apá kànga ló fẹ́ràn jù. Bó bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, ayọ̀ kan á gùn ún dé ọ̀fun, á máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan nínú iná elésè-àlùkò yẹn.

Ayọ̀ náà ló mú kó ṣe àṣejù. Ó bomi rin àpò apá géètì jù. Ọjọ́ náà ni òùngbẹ Hàkímù lọ, tí ojú rẹ̀ sì wú. Omi àpọ̀jù a máa pe kòkòrò, kò pẹ́ tí eṣinṣin dúdú tíń-tìn-tín fi ń hù jáde láti inú erùpẹ̀ náà.

"Chale, nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ mi," ni Hàkímù wí, ó ń họ apá.

Fàsílátù se ewé dongoyárò, ó jẹ́ kó tutù, ó dà á sínú àpò náà láti pa eṣinṣin. Lálẹ́, Hàkímù ti wàákyè, ìrẹsì ẹlẹ́wà tó ń jẹ, sẹ́yìn. "Ta ló fi dongoyárò sè é? Ẹnu mi korò!"

"Ẹ lọ sinmi, Brọ̀dá. Epo mọ́tò ló ti wọ̀ yín lágbárí."

Àwọn eṣinṣin kò lọ. Abena, ará ilé kejì tó ń bá a gbé náánà fún àwọn onítíì, yọjú wò wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ei, Fasi! O ń bẹ kòkòrò? Bu erùpẹ̀ orí rẹ̀, kí o yan án nínú agbada. Ẹyin wọn á kú pátá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Fàsílátù. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àílà, ó gbé ààrò eléèédú síwájú yàrá, ó bu erùpẹ̀ apá géètì sínú agbada, ó ń rò ó bí ẹni ń yan gàrí. Ó ń kọrin. Èéfín rú. Òórùn òjò àkọ́rọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó ta sánsán nímú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn irun tó ń jóná.

Fóònù dún. Àlàní ni, tí òun àti Hàkímù jọ ń ta ẹ̀yà mọ́tò.

"Fàsílátù, ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣubú! Ara rẹ̀ ń jó. A da omi sí i lára, omi náà ń hó!"

Lẹ́yìn ohùn Àlàní, Hàkímù ń ráhùn, jẹ́jẹ́, bí ọmọdé: "Fàsílátù, sọ̀ mí kalẹ̀. Jọ̀wọ́, sọ̀ mí kalẹ̀."

Ojú Fàsílátù là. Òùngbẹ. Ojú wíwú. Ara yíyún. Dongoyárò. Ó fi ọwọ́ lásán gbé agbada kúrò lórí iná, ìka rẹ̀ bó, kò bìkítà. Ó gbé búta, ó ń ta omi tútù sí erùpẹ̀ náà, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Brọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ó ti lajú," ni Àlàní wí lórí fóònù. "Allah! Ara rẹ̀ ti tutù."

Fàsílátù ru erùpẹ̀ náà padà sínú yàrá, ó rọra dà á sáàyè rẹ̀, ó fi ewé bò ó. Ó wá pe Ìnísà.

"Màmá, ibi wo lẹ ní ó wà níbẹ̀?"

"Ibi ọmọ ni mo wí! Ibi tó tẹ̀lé ọmọ wáyé! Ọwọ́ mi ni mo fi sin ti Hàkímù sápá géètì."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tìẹ wà lápá kànga. Ṣé inú rẹ kò ti ń dùn ṣáá láti ọjọ́ yìí ni? Mò ń gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ. Ọmọ mi, dá wọn padà."

"Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì síbẹ̀, Màmá."

Màmá pe Ọlọ́run kó tó dá a lóhùn.

"A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó máa bomi rin ara yín nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ o. Ẹ má sì jẹ́ kó pọ̀ jù."

Màmá pa fóònù. Ìgbà náà ni Fàsílátù wo ilẹ̀. Àárín àpò apá kànga ló dúró sí, erùpẹ̀ bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, gbòǹgbò náánà sì ti gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Kò rántí ìgbà tó bọ́ bàtà.

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Ayọ̀ ló ń gùn ún bọ̀, tó ń ru sókè láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka bọ erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò.

Ó ti gbẹ. Ọ̀fun rẹ̀ náà ti gbẹ. Fàsílátù rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí búta.