Orí Abẹ́rẹ́ Gíráámáfóònù Bàbá Mi

"Nàfísátù, rọra o, ilé ń mì!" Ìbílọlá ọ̀rẹ́ mi ló ń pariwo, ẹ̀rín ń pa á lọ.

Ilé ò ṣe ní mì? Ìdí mi nígbà náà tóbi ju ìkòkò irin tí bàbá mi ń tà lọ́jà Laranto, nílùú Jọs. Ọdún 1978 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá mi, Lìádì, ti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ n'Ílọrin, èmi sì ti ṣí gíráámáfóònù tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Bí mo bá ti ń jó, tí mo fẹsẹ̀ janlẹ̀, abẹ́rẹ́ a fò lórí àwo. Mo bá ṣe bí àwọn géńdé àdúgbò ti máa ń ṣe: mo to kọ́bọ̀ mẹ́ta lé orí abẹ́rẹ́ kó lè wúwo. Mo tún fò sókè. Gbàgà! Apá ẹ̀rọ bọ́ sílẹ̀, orí abẹ́rẹ́ là.

Ijó parí.

A gbé e lọ bá Samson tó ń tún rédíò ṣe ní Bauchi Road. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

"Kái! Eléyìí ti kú. Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí Kánò fún tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Ọ̀la ni bàbá mi ń dé! Bọ̀ọ̀dá Samson, ẹ bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́."

"Mo lè lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wọ́. Àwo ni yóò máa họ. Lọ sọ fún bàbá ẹ."

"Hábà!" ni Ìbílọlá wí. "Ta ló fẹ́ kú? Ẹ lẹ̀ ẹ́, jàre!"

Mo rántí àtòrì bàbá mi. Mo ní, "Ẹ lẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ tíì dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ò tíì ṣí fìlà tó fi fa àwo kan yọ. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú ló wà nínú rẹ̀, Ìyá Ojúọlápé, tó máa ń lé orin wákà n'Ílọrin. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù láyé. "Bàbá, ẹ dúró" ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì bí òkèlè.

Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Ìyá àgbà gbóhùn sókè. Kàràkàrà! Nígbà tí bàbá mi fi máa gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ilà kan ti gba àárín àwo kọjá bí ẹni fi ọ̀bẹ fà á.

Mo kúnlẹ̀ gbì. "Bàbá, èmi ni. Mo bà á jẹ́, mo sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ má baà mọ̀."

N ò rí àtòrì. Omi ni mo rí lójú rẹ̀. "Nàfísátù, orí abẹ́rẹ́ ṣe é rà. Níbo ni n ó ti ra ohùn ìyá mi?"

Bàbá mi ní kí Samson ránṣẹ́, orí abẹ́rẹ́ tuntun sì dé láti Kánò. Ṣùgbọ́n bí orin bá ti dé ojú ilà yẹn, ohùn ìyá àgbà a fo gbólóhùn kan, bàbá mi a sì fẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́ dí i.

Bàbá mi náà ti kú báyìí. Èmi ni mò ń kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn bí ewúrẹ́ tó ń rọbí, àwọn ọmọ-ọmọ mi a sì máa yí gbiiri nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹ máa rín! Bí ẹ bá rín tán, ẹ gbọ́: ohun tó bà jẹ́ ṣe é tún ṣe, ó ṣe é pààrọ̀, bí a bá tètè sọ. Àtòrì tí mo sá fún kò ní ju oró ọjọ́ kan lọ. Gbólóhùn tí mo gbé mì lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń fi orin dí ihò rẹ̀ títí dòní.