Ìró Tó Ṣí Géètì Sọ́mìlì

Vùràrà-rà-rà-rà-rà!

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ní Òkè-Agbo. Àwọn tó fẹ́ kí ìrun mọ̀gàríbì ṣì ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí ìró náà gba ọ̀nà Japara kọjá lọ. Ṣàkírù mẹkáníìkì, tó ti fọ ẹsẹ̀ kan tó ku ọ̀kan, gbé orí sókè. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ gbọ́ ọ!" ló wí fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn! Ta ló tún lè ṣe irú ẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó?"

Ó rẹ́rìn-ín o! Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Gbàù!

Gbàù! Gbàù!

"Ọlọ́ṣà! Ọlọ́ṣà wà ní sọ́mìlì o! Ẹ gbà wá o!"

Búta bọ́ lọ́wọ́ Ṣàkírù. Ẹsẹ̀ kan tutù, ìkejì gbẹ, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó dorí kọ sọ́mìlì tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Hezekiah, ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Mùsùlùmí ni Ṣàkírù, Aládùúrà ni Hezekiah, síbẹ̀ bí ẹran Iléyá bá jinná, Hezekiah ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Kó tó débẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì já jáde láti inú ọgbà. Ọkùnrin mẹ́ta tó faṣọ bojú ló wà lórí wọn, àpótí owó àwọn òṣìṣẹ́ sì wà láàárín àwọn méjì tó jọ gun ọ̀kan. Vùràrà-rà! Wọ́n wọ igbó lọ. Mọ́tò wo ló fẹ́ lé wọn wọ irú igbó yẹn?

Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọn ò já a. Wọn ò yìnbọn lù ú. Hezekiah nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Zipporah, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Abigail, kúnlẹ̀ tì í. Oúnjẹ alẹ́ ló gbé wá fún un kó tó kọjá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sùtánà funfun tó wọ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Ṣàkírù.

"Òun nìyẹn! Ẹ mú un! Etí mi yìí ni ọkọ mi ṣe sọ pé, 'Ìyá Abigail, Ṣàkírù ti dé,' kó tó lọ ṣí géètì! Òun ló kó wọn wá! Òun ló pa á!"

"Táyà dà? Ẹ gbé pẹtiróòlù wá!"

Ẹ̀yin náà mọ bí èrò ṣe ń ṣe. Ẹni tí kò rí nǹkan kan gan-an ló máa ń pariwo jù. Wọ́n ti fa ẹ̀wù Ṣàkírù ya kí ó tó lè la ẹnu.

Gbòòò!

Ìbọn ṣakabùlà ló dún sójú ọ̀run. Oyèbọ̀dé, àgbà ọdẹ tó jẹ́ olórí fijilanté, ya èrò sọ́tùn-ún sósì.

"Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni! Òkú kan ti tó fún òní!"

Ó wọ́ Ṣàkírù lọ sí àgọ́ fijilanté, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì.

"Ó yá. Wí tẹnu ẹ."

Ṣàkírù bú sẹ́kún. "Bàbá, n ò bá wọn lọ. Mo fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣí géètì yẹn."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé o, kí ẹ má bàa ṣì í gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírù láti Àgọ́-Ìwòyè. Kòṣeémú ló pe ara rẹ̀. Ó ní òun àti àwọn ọmọ yunifásítì kan ló ń fi wọ́n sáré ìje lórí iyanrìn lọ́jọọjọ́ Sunday.

"Ọ̀gá mi, mo fẹ́ kó máa bú!" ló wí. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ l'Ágọ́, kí ìyá àgbà tó sùn n'Íjẹ̀bú-Òde dìde jókòó! Ṣé o lè ṣe é, àbí kí n gbé e lọ Èkó?"

Èkó kẹ̀? Ojú egbò gan-an ló tẹ̀ yẹn. Ṣàkírù gé sàlẹ́ńsà, ó kó òwú inú rẹ̀ tó ń pa ariwo dànù, ó jó páìpù tó fẹ̀ sí i. Ó ṣí ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí sílẹ̀ gbàràgàdà. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó bá ń mí púpọ̀ gbọ́dọ̀ máa mu epo púpọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbóná pa ara rẹ̀. Ó ní kí Kòṣeémú dúró di Ọjọ́bọ̀ kí òun fi jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tí epo ń gbà wọlé, tó tóbi sí i sínú kabúrétọ̀. Kòṣeémú ò dúró. Ọjọ́rú ló ti wá kó ẹrù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó kó o, ìrọ̀lẹ́ márùn-ún gbáko ni Ṣàkírù fi gun ọ̀kan nínú wọn lọ sí sọ́mìlì láti dán an wò. Bí Hezekiah bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, á ti ṣí géètì kalẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí àyè yí po nínú ọgbà. Kòṣeémú a sì máa wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó jókòó sẹ́yìn mi, Bàbá! Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń wò. Géètì ló ń wò!"

Ohùn Oyèbọ̀dé lọ sílẹ̀.

"Ta ló tún mọ èyí?"

"Kò sí."

"Kó má sì ṣe sí. Ìdajì ni wọ́n máa gbọ́, wọ́n á dáná sun ẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìyókù. Bá mi mú àwọn ọmọ yìí. Tó bá ti di mímú, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún ìlú pé o ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ náà, Ṣàkírù kò rí oorun sùn. Vùràrà-rà! Ó dìde jókòó. Kò sí nǹkan kan. Ó fi aṣọ di etí, inú orí rẹ̀ ló tún ti ń dún. Bí ìró náà bá sì ti dákẹ́, ohùn kan a tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà: "Ṣàkírù! O ti dé?" Ó mọ ohùn náà. Ó ti gbọ́ ọ fún ogún ọdún.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé mọ́: kí ìró yẹn dákẹ́, kí òun sì lè wo ojú Ìyá Abigail.

Ní Monday, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọdẹ kan tẹ Oyèbọ̀dé láago láti apá Abigi, nílẹ̀ odò. Ó ní nǹkan kan ń bú nínú igbó àwọn látàná, àwọn ẹyẹ ò sùn. Ọ̀kadà mẹ́jọ ni fijilanté gùn dé bèbè igbó náà. Ìkúùkuu bo gbogbo ilẹ̀. Ṣàkírù jókòó sẹ́yìn Oyèbọ̀dé.

"Ẹ má sáré bá wọn," ló wí fún wọn. "Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n sinmi. Tí wọ́n bá ń dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, yóò gbé wọn dé Èkó. Tí wọn ò bá dúró, kò ní í pẹ́ kú."

Oyèbọ̀dé yìnbọn sókè. Gbòòò!

Igbó jí!

Vùràrà-rà-rà! Vùràrà-rà-rà!

"Wọ́n ti bọ́ sọ́nà! Ẹ gbá tẹ̀ lé wọn!"

Kà-kà-kà-kà! Ọta ń já ewé lórí wọn. Ọ̀kadà kan ṣubú, ẹni tó gùn ún dìde, ó tún gùn ún. Bí àwọn ọlọ́ṣà bá ti fẹ́ rọra, Oyèbọ̀dé á yin tirẹ̀. Gbòòò! Wọ́n á tún sá.

Ṣàkírù di ojú. Etí ló fi ń ríran. Ó gbọ́ bí ohùn alùpùpù iwájú ṣe ń há, bí ọ̀fun ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

"Èyí tó wà níwájú ti fẹ́ lọ," ló wí. "Ó ku díẹ̀. Ó ku díẹ̀... Ó ti lọ!"

Kráààà!

Táyà ẹ̀yìn gan pa. Alùpùpù náà takìtì, ó da èèyàn méjì sínú kòtò pẹ̀lú àpótí owó. Kí wọ́n tó mọ orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀, okùn ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Sùrájù, ń sunkún, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

"Ẹ ò lè mú ẹ̀gbọ́n! Ó ti de afẹ́ẹ̀rí mọ́ apá! Tó bá dúró síwájú yín báyìí, ẹ ò ní rí i!"

Láti inú ìkúùkuu, ẹ̀rín Kòṣeémú jáde.

"Mẹkáníìkì! Ìwọ nìyẹn? Ó ṣe é o, ọ̀gá mi! Iṣẹ́ ẹ dáa! A ò fọwọ́ kan géètì yẹn rárá! Ìró ẹ ló bá wa ṣí i! Ọdẹ náà tilẹ̀ kí mi káàbọ̀! Nó ṣékíǹ, kò séwu!"

Vùràrà-rà-rà...

Ó dákẹ́.

Lójijì báyìí. Ẹyẹ kan ò ké. Ewé kan ò mì.

Wọ́n wá a. Wọ́n tú ìdí ọ̀pẹ ràfíà kọ̀ọ̀kan, omi irà mù wọ́n dé orúnkún. Ojú ẹsẹ̀ táyà wá síbì kan, kò sì jáde níbì kankan. Oyèbọ̀dé fúnra rẹ̀, tó ti pa ẹfọ̀n lóru rí, ó lọ ó bọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn fijilanté bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ara wọn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ọ̀kan wí. "Èyí kì í ṣe ojú lásán mọ́."

Oyèbọ̀dé mí kanlẹ̀. "Ẹ padà."

Ṣàkírù nìkan ni kò mira.

Tín.

Ó rò pé orí òun ló tún bẹ̀rẹ̀. Láti Sátidé, kí ni kò tíì gbọ́?

Tín... tín-tín.

Rárá o! Hezekiah kọ́ nìyí! Irin ni! Irin tó gbóná janjan tó ń tutù, kì í dákẹ́. Páìpù tí ọwọ́ òun jó ni, ó ń fà, ó ń súnkì, ó ń sọ̀rọ̀ nínú òtútù òwúrọ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí ra oògùn tí ojú ò fi ní í rí i, kò rántí ra èyí tí etí ò fi ní í gbọ́ ọ!

Ṣàkírù na ọwọ́ síwájú bí afọ́jú, ó ń rìn tẹ̀ lé e. Tín. Ìkúùkuu ló wà níwájú rẹ̀. Tín-tín. Ìkúùkuu náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú àìrí.

Ṣàààì!

Páìpù náà bó o lọ́wọ́. Kò sì fà á kúrò! Ó di irin gbígbóná náà mú, ó kígbe tí igbó fi dáhùn:

"Ó wà níbí! Ó wà níbí o!"

Bóyá oògùn ló bà jẹ́, bóyá atẹ́gùn odò ló gbá ìkúùkuu lọ, ẹ má bi mí, n ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ojú rí i lẹ́ẹ̀kan náà: Kòṣeémú, lórí alùpùpù rẹ̀, kò jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ, ìbọn lórí itan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Gbàù!

Ọta ya etí fìlà Ṣàkírù. Kó tó yin èkejì, ìdí ìbọn Oyèbọ̀dé ti bà á ní ẹ̀yìn orí. Gbòlà! Ó ṣubú sínú irà. Èèyàn mẹ́rin ló gorí rẹ̀.

"Ta ló rí mi?" ló ń bú ramúramù bí wọ́n ti ń dè é. "Kò sẹ́ni tó lè rí mi! Ta ló rí mi?"

Ṣàkírù wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó. "Kò sẹ́ni tó rí ẹ."

Nígbà tí wọ́n padà wọ Ìjẹ̀bú-Igbó, èrò ti kún iwájú sọ́mìlì. Àwọn tó ń wá táyà ní Sátidé ló ń du Ṣàkírù gbé sórí ọrùn báyìí. Ẹ ò rí ọmọ aráyé?

Oyèbọ̀dé ṣe bó ti ṣèlérí. Ó ní Ṣàkírù ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà, pé òun ló tilẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú olórí wọn. Ìlú hó yèèè!

Ni Ìyá Abigail bá jáde láàárín èrò. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ níwájú gbogbo ayé.

"Ṣàkírù, dárí jì mí. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́. Ìbànújẹ́ ló sọ̀rọ̀, èmi kọ́."

Oyèbọ̀dé wúkọ́. Ó tẹ ojú mọ́ Ṣàkírù, ó sì rọra mi orí: gbà á, kó o dákẹ́.

Ó kúkú lè dákẹ́! Gbogbo nǹkan tó ń wá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti mọ́, ìró náà ti kú sínú irà Abigi, ìyá náà ló sì ń bẹ̀ ẹ́. Kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n ó gbójú wo Ìyá Abigail, ojú rẹ̀ kò gbà á. Òun náà kúnlẹ̀.

"Ìyá Abigail, ẹ dìde. Ẹ má bẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣe ohùn yẹn fún wọn. Èmi ni mo fi kọ́ Bàbá Abigail, ní ìrọ̀lẹ́ márùn-ún, títí tó fi ń ṣí géètì fún un láì wo ẹni tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀daràn náà ò jí nǹkan kan lò tó ju èyí lọ. Ohùn mi ni wọ́n fi pè é."

Oyèbọ̀dé fi ọwọ́ bo ojú.

Obìnrin náà wo Ṣàkírù lójú.

"Ṣé ìró tìrẹ ló gbọ́ lóòótọ́?"

"Tèmi ni, mà."

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi Olúwa pé kí ló ṣe é tó fi ń yọ̀ lọ bá ikú." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó ju ṣíbí sílẹ̀. Ó ń jó, Ṣàkírù. Láti ìjókòó rẹ̀ títí dé ìdí géètì, ijó ni ọkọ mi ń jó lọ."

Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èrò tú ká díẹ̀díẹ̀. Ṣàkírù wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ nà án. Kò sẹ́ni tó nà án. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ bú u. Ì bá sì wù ú kí wọ́n nà án.