Ọ̀já Òfìfo Lójú Ọ̀nà Ìbòkun

Wọn ò tíì jìnnà sí Ìbòkun tí iná bátìrì fi tàn nínú mọ́tò Oyèṣọlá. Kò tàn yòò, kò sì kú. Ó kàn pọ́n síbẹ̀ bí ojú ẹni tí kò róorun sùn.

Mọ́tò tí wọ́n ń pè ní ìjàpá ni, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Barnabas ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ wáṣẹ́ l'Ékòó. Mọ́tò ló rí, kò rí ọkọ mọ́. Orí àga ẹ̀yìn ni Málọmọ́, ọmọ wọn, dùbúlẹ̀ sí, ara rẹ̀ ń jó bí ẹ̀yinná. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Méjì ti wá ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì ti padà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn. Lọ́dún náà, àwọn dókítà ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, epo bẹntiróòlù sì wọ́n bí imí eégún. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ń kú lọ, ta ló kàn? Iléṣà ni Oyèṣọlá ń gbé e lọ, níbi tí ìyá Barnabas ti bá wọn rí dókítà kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Málọmọ́!"

"Yèyé."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ láti Old Garage ní Òṣogbo nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kí ìyá máa pè, kí ọmọ máa jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn, kò ní ráyè dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run lóhùn.

Oyèṣọlá pa rédíò. Ó pa iná iwájú, bí kùrukùru ọyẹ́ tilẹ̀ bo ojú ọ̀nà. Iná pupa náà kò kú. Bí mọ́tò bá sáré sí i, yóò tún pọ́n sí i, nǹkan kan yóò sì máa han gooro lẹ́yìn. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo inú mọ́tò. Ó mọ̀ pé bẹ́líìtì ló ti dẹ̀, bẹ́líìtì yìí kan náà ló sì ń yí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bó bá já, ẹ́ńjìnnì á jóná, wọn ò sì ní dé Iléṣà. Ó páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, kí mọ́tò lè yí sọ̀kalẹ̀ bí bátìrì bá kọ̀.

"Ẹ kú ìnira, Ìyá Málọmọ́."

Obìnrin kan ló dúró létí oko kòkó, níbi tí kò sílé. Ó gba ọ̀já mọ́ àyà, ṣùgbọ́n kò pọn ọmọ. Oyèṣọlá kò rántí bi í léèrè ibi tó ti mọ orúkọ.

"Ẹ mọ̀ nípa mọ́tò ni?"

"Mo mọ ti ìjàpá. Ẹ ṣí i."

Oyèṣọlá gbé ìdérí ẹ́ńjìnnì sókè. Ìdérí náà bo gíláàsì ẹ̀yìn, kò sì rí ọmọ rẹ̀ mọ́.

"Málọmọ́!"

"Yèyé."

"Ẹ di wíìlì kékeré yẹn mú," ni obìnrin náà wí. Àgbọ̀n ló fi ń júwe, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀. Ẹ rí àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín? Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fi í síta. Bẹ́líìtì á le."

Irin náà jó Oyèṣọlá lọ́wọ́. Nínú mọ́tò, nǹkan kan gbá gíláàsì. Pá. Pá.

"Yèyé! Yèyé o!"

"Ọmọ mi ń pè mí."

"Omi ló fẹ́. Ọmọ á dúró dè yín. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá yín níbí ńkọ́? Ó ku díẹ̀. Ẹ tún yọ ọ̀kan."

Ohùn náà tutù bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Oyèṣọlá yọ ọ̀kan sí i. Pá, lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, ibi gbogbo dákẹ́. Ó di nọ́ọ̀tì pa, ó pa ìdérí dé, ó ṣáná sí mọ́tò, iná pupa náà tàn fẹ́ẹ́, ó sì kú. Inú rẹ̀ dùn o.

Nínú dígí, ó rí obìnrin náà tó ń wọ oko kòkó lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń tún ọ̀já rẹ̀ so, bí ẹni tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo.

"Málọmọ́!"

Ó pè é títí dé Iléṣà. Nọ́ọ̀sì kan ló da aṣọ bo ọmọ náà lójú.

Wọn ò tíì gbẹ́ ilẹ̀ tí ìyá Barnabas fi mú abẹ dé. Ìyá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá di ti àbíkú, Bíbélì á wà lórí tábìlì, abẹ á wà lọ́wọ́.

"Ìyàwó, yà fún mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Màá fi àmì sí i létí, kójú lè tì í láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ọmọ!"

Oyèṣọlá di ìyá àgbà lọ́wọ́ mú, ó fà á dé ìdí mọ́tò. Eruku ọyẹ́ ti bo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tinú-tòde. Nínú lọ́hùn-ún, ipa ọwọ́ ọmọdé wà lórí ara wọn lọ súà. Ìkẹyìn wọn kò ní àtẹ́lẹwọ́. Ìka máràárún ló fà gbọọrọ sẹ́yìn, bí ìka ẹni tí wọ́n ń wọ́ lọ.

"Màámi, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lọ rèé?"

Ìyá àgbà fi ìka kan tọ ipa náà, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

Oyèṣọlá ṣí gèlè rẹ̀, ó tẹrí ba níwájú abẹ náà.

"Bó bá jẹ́ etí lẹ fẹ́ gé, tèmi rèé. Òun ló gbọ́ tí kò dáhùn."