Ìgbà Kẹta Tí Orrin Kò Bèèrè

Ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn wa ni mo ti kọ́kọ́ pàdé Orrin Kvale, níbi tí a ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra oko tòlótòló tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi ni. Ó da kọfí sí mi láṣọ, ojú tì í débi pé etí ẹ̀ pọ́n. Bí ìfẹ́ ẹ̀ ṣe wọ̀ mí lọ́kàn nìyẹn.

Nígbà tó dìgbà ìkórè, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Marlys, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Rárá o, má wulẹ̀ yọra ẹ lẹ́nu."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Má ṣèyọnu."

Ó dé fìlà ẹ̀, ó lọ.

Ẹ gbà mí! Ní Minnesota wa níbí, bí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ kọfí, ì báà jẹ́ ọkọ, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta lọmọlúàbí ń gbà á. Mo dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta títí yìnyín fi bolẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Orrin ti ta oko, pé Montana ló ń kó lọ ní Sátidé.

Mo sunkún gan-an. Màmá ní, "Obìnrin kì í fẹnu ara ẹ̀ tọrọ ọkọ."

Bàbá mi ju ìwé ìròyìn sílẹ̀. "Ìyá Marlys, fọmọ sílẹ̀ jàre. Marlys, lọ bá a sọ̀rọ̀ tòlótòló."

Bí a ṣe ń wí nìyẹn tá a bá fẹ́ kéèyàn là á mọ́lẹ̀, kó má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹnu lásán la fi ń wí i. N ò rẹ́ni tó ṣe é rí.

Inú ilé tòlótòló ni mo bá a. "Orrin, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ! Má lọ!"

Gbogbo tòlótòló pariwo dá mi lóhùn.

"Kí lo wí?"

Mo tún un sọ. Wọ́n tún pariwo.

"N ò gbọ́!"

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi gbogbo ọ̀fun mi ké e. Etí ẹ̀ pọ́n.

"Ṣebí o kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo ń dúró dè, ọ̀gbẹ́ni! Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Ọmọkùnrin mẹ́fà ni bàbá mi nìkan tọ́, olólùfẹ́ mi. Nílé wa, ẹni tó bá kọ oúnjẹ, ebi ló máa bá sùn."

A ṣègbéyàwó lóṣù Karùn-ún. Orrin gbé kéèkì lọ bá Màmá.

"Rárá o, ọmọ mi, mo ti yó."

"Ó dáa, Mà." Ó yíjú padà, ó ń gbé e lọ fún ẹlòmíì.

Màmá wo kéèkì náà títí. Ó wo bàbá mi. Ló bá dìde.

"Orrin! Gbé kéèkì mi padà wá síbí!"