Ẹni Tó Ń Kà Á fún Bàbá

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn ilé Tíṣà àti bàbá rẹ̀, fáìlì lábẹ́ apá, ẹrẹ̀ odò lára bàtà. Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíráámà, ojú rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tó ń wá ẹni tó jí ìwé wò.

"Ẹ káàsán mà. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Bàbá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kí n fẹsẹ̀ ara mi wá béèrè ni."

"Ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá lóòótọ́. Ẹ kọ́kọ́ nù ún ná."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

Awọnmi ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn omi odò. Bàbá Tíṣà ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ìròyìn lẹ́nu àwọn ẹ̀rọ náà, tó sì ń fọn fèrè láwọn àdúgbò etí odò bí omi bá fẹ́ ya wọlé. Bàbá kò tà á. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ẹnikẹ́ni sì lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti ibikíbi. Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀: àtúnṣe kankan ò gbọdọ̀ wọlé àfi tí Bàbá bá fojú ara rẹ̀ kà á tán.

Bàbá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. "Kà á fún mi," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Ojú ń rẹ̀ mí díẹ̀ lónìí."

Ó dijú, ó ń gbọ́. Nígbà tí Tíṣà dé ìlà kẹtàdínlógún, Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró. Tí ẹ̀rọ ò bá fèsì rárá ńkọ́? Ọmọkùnrin, o ti ka ìdákẹ́jẹ́ sí àlàáfíà."

Awọnmi fa fáìlì rẹ̀ yọ, ó sàmì sí ìlà náà. Òótọ́ ni. Ọjọ́ náà ló fẹ́ràn bàbá, ọjọ́ náà ló sì fẹ́ràn ọmọ.

Kò sí Sátidé tí kò wá mọ́. Kò pẹ́ tó mú Tíṣà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ afárá. Òun ló tọ́ Awọnmi dàgbà.

"Ìyàwó wa, dúró dáadáa kí n wọ̀n ọ́," ni aránṣọ wí. "Aṣọ ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí à ń méfò."

Àfi ìgbà tí Awọnmi gbé ọ̀rọ̀ kan dé iwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Àtúnṣe tó bá dé, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ omi àtijọ́ dán an wò. Bí fèrè ò bá dún níbi tó yẹ kó dún, á dá a padà fúnra rẹ̀."

"Ẹ̀rọ ò mọ ìtìjú," ni Bàbá fèsì. "Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á bi òun léèrè ló ń wo nǹkan fínnífínní."

"Ẹ̀rọ kì í sì í ṣàárẹ̀, sà."

Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. "Ṣé èmi ló ti ṣàárẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá wọbẹ̀, ìwọ ò ní wọlé yìí mọ́. Má sì dárúkọ ìgbéyàwó sí mi létí."

Awọnmi ò mọ ohun tí Tíṣà mọ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí ojú Bàbá ti ń ṣú. "Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á gba ètò náà lọ́wọ́ mi," ni Bàbá sọ, ó sì mú ọmọ rẹ̀ búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, Tíṣà ló ń kà á, Bàbá ń gbọ́.

"Ọ̀wọ́n mi," Awọnmi sọ lọ́jọ́ kan, "mo ṣàkíyèsí nǹkan. Ìgbà tó o bá wà nílé nìkan ni àtúnṣe máa ń wọlé. Ta ló ń kà á gan-an?"

Tíṣà yára fèsì. "Bàbá ni."

Awọnmi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó dáa. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà mú Tíṣà bí òtútù.

Òjò tètè dé lọ́dún náà. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, Tíṣà àti Awọnmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ọ́fíìsì omi, wọn ò mọ̀gbà tí ọjọ́ lọ. Nígbà tí Tíṣà délé, ẹ̀rín ló gba ẹnu Bàbá.

"Mo fúnra mi ka ọ̀kan lónìí! Mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ràbàtà, mo kà á tán, mo sì fọwọ́ sí i."

Tíṣà mọ̀ pé ó yẹ kóun tún un kà. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí kọ̀ǹpútà. Ó wo ojú Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó gbọ́wọ́ kúrò.

Nínú àtúnṣe tí Bàbá fọwọ́ sí náà, àmì póíǹtì kékeré kan ti já bọ́ láàárín ẹẹ́rin àti àrún. Mítà mẹ́rin àbọ̀ tó yẹ kí omi ga dé kí fèrè ìsàlẹ̀ afárá tó dún wá di mítà márùndínláàádọ́ta. Kí fèrè yẹn tó dún, odò ní láti kọ́kọ́ ga ju ilé tó ga jù lọ ládùúgbò.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án gangan, odò ya. Fèrè òkè odò dún. Ti ìsàlẹ̀ afárá dákẹ́. Aránṣọ wà nídìí máṣíìnì rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan títí ògiri fi wó lù ú. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, àmọ́ àwọn dókítà gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Awọnmi ti tọpa àṣìṣe náà débi tó ti wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tó dé ilé Bàbá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

Tíṣà kúnlẹ̀. "Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Èmi ni mo ń kà á fún wọn. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò kà á."

"Mo bi ọ́." Ohùn Awọnmi kò lọ sókè rárá, ìyẹn gan-an ló ba Tíṣà lẹ́rù. "Ẹnu mi yìí ni mo fi bi ọ́."

Bàbá na ọwọ́, ó ń táràrà títí ó fi kan ọwọ́ ọkùnrin náà. "Gbé ẹ̀rọ rẹ wá, ọmọ mi. Èmi ni mo de ọmọbìnrin mi lẹ́nu, má bínú sí i."

"Màá gbé e wá, Bàbá. Àmọ́ mi ò ní lè máa wá síbí mọ́."

Ẹ̀rọ wọlé, òfin sì yí padà: bí ẹ̀rọ bá ti yẹ iṣẹ́ wò, ènìyàn kan á tún kà á. Tíṣà wá ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe àtúnṣe. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ fi dá ti àkọ́kọ́ padà: *Fèrè kẹta kò dún.* Ẹ̀rọ kò bínú sí i, kò sì ṣàánú rẹ̀. Tíṣà tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni Awọnmi, tó wá di ẹni tó ń kà á lẹ́yìn ẹ̀rọ, kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀: *Mo ti kà á. Ó dára.*

Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò lé, kò dín. Nígbà mìíràn Tíṣà á tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, kó ṣáà lè rí ọ̀rọ̀ náà kà.

Lọ́jọ́ kan, ìlà kan gùn sí i: *Mo ti kà á. Ó dára. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó o wá.*

Ó lọ. Aránṣọ jókòó, aṣọ tí wọn ò tíì rán tán lórí itan rẹ̀, wọ́n fi píìnì di apá ọ̀tún ẹ̀wù rẹ̀. Awọnmi fara ti ògiri, kò wo ẹnikẹ́ni. Tíṣà kúnlẹ̀.

"Mi ò pè ọ́ kí n lè sọ pé ó ti tán," ni aránṣọ wí. "Kò tíì tán. Ó lè má tán láé. Ọwọ́ tí wọ́n gé yìí ṣì ń dùn mí láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àmọ́ àbúrò mi ò jẹun dáadáa mọ́, èmi náà ò sì lè fi ọwọ́ kan ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Dìde. Ṣé ojú tìẹ ríran?"

"Ó ríran, Àǹtí mi."

"Sún mọ́bí."

Tíṣà gba abẹ́rẹ́ àti okùn. Ó kì í, ó tàsé. Ó tún kì í, ó tàsé. Nígbà kẹta, Awọnmi kúrò lára ògiri, ó wá bá a di abẹ́rẹ́ náà mú.